Ojú abẹ́rẹ́ àti ẹ̀jẹ́ ìkórè: èsì sí ìyá oníṣòwò aṣọ kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn, Ọlọ́run sì ti bù kún un. Ìjọ tí wọ́n bí mi sí a máa wàásù pé ọlọ́rọ̀ kò lè wọ ìjọba Ọlọ́run. Èyí tí mò ń lọ báyìí ní ègún ni òṣì, pé ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ pọ̀ sí i, kó gbin irúgbìn. Ní ìkórè èṣí mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ ₦500,000. Láti ìgbà náà ọjà ò yá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi sì ń gbowó lọ́wọ́ mi lóṣooṣù. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé oore tí mò ń ṣe ni yóò gbé mi dé ọ̀run, àbí owó tí mo ní ni yóò dí mi lọ́nà?

Èsì: Ìyá mi, ẹ kú ìrọ́jú. Owó yín kò lè rà yín dé ọ̀run, kò sì di dandan kó dí yín lọ́nà. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí nínú ìwàásù méjèèjì tí wọ́n fi kó yín lọ́kàn sókè. Ó jọ pé wọ́n ń bára wọn jà, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀kan ní kí ẹ fi òṣì ra ọ̀run, èkejì ní kí ẹ fi ọrẹ ra owó. Àwọn méjèèjì sọ Ọlọ́run di ẹni tí à ń bá ná ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà láti òwúrọ̀ dalẹ́ mọ̀ pé aṣọ tí ẹ gé fún oníbàárà yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fi ta ọmọ ẹ̀gbọ́n yín lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó rẹ̀. Bí a bá ti ń fi nǹkan ra nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run, a ti kúrò ní ìdí ọrẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ràkúnmí. Ó wà nínú Máàkù orí 10. Ọkùnrin kan sáré wá, ó kúnlẹ̀, ó béèrè ohun tí òun yóò ṣe kí òun lè jogún ìyè àìnípẹ̀kun. Ó ti pa òfin mọ́ láti kékeré. Máàkù ní Jésù wò ó, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó wá sọ fún un pé ohun kan ló kù: lọ ta gbogbo ohun tí o ní, fi fún àwọn tálákà, kí o wá máa tọ̀ mí lẹ́yìn. Ojú ọkùnrin náà rẹ̀wẹ̀sì, ó bá tirẹ̀ lọ, nítorí ohun ìní rẹ̀ pọ̀. Ìgbà yẹn ni Jésù sọ pé ó rọrùn fún ràkúnmí láti wọ ojú abẹ́rẹ́ ju fún ọlọ́rọ̀ láti wọ ìjọba Ọlọ́run lọ.

Bóyá ẹ ti gbọ́ lẹ́nu oníwàásù kan pé ẹnubodè kékeré kan ló wà ní Jerúsálẹ́mù tí wọ́n ń pè ní Ojú Abẹ́rẹ́, pé ràkúnmí lè gba ibẹ̀ bó bá kúnlẹ̀ tí wọ́n sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rí kankan nídìí. Àwọn tó wá pẹ́ gan-an lẹ́yìn Jésù ló hùmọ̀ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè rọ̀. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni Jésù ń wí, irú èyí tí télọ̀ ń lò nítòsí ṣọ́ọ̀bù yín, ohun tí kò ṣeé ṣe ló sì ní lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn ṣe gbọ́ ọ tí wọ́n fi kígbe pé, "Ta ni ó ha lè là?" Èsì tó fún wọn ni ìjọ yín àtijọ́ kò kà dé: lọ́dọ̀ ènìyàn kò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ohun gbogbo ni ṣíṣe lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Olówó kò lè gba ara rẹ̀ là. Tálákà náà kò lè gba ara rẹ̀ là.

Lúùkù fi ìtàn kan náà sí orí 18 ìwé tirẹ̀, ó wá fi ti Sákéù sí orí 19. Lójú tèmi, ó mọ̀ọ́mọ̀ tò wọ́n tira ni. Olórí agbowó-òde ni Sákéù ní Jẹ́ríkò, olówó sì ni. Òun náà pàdé Jésù, ó sì dìde dúró, ó ní òun fi ààbọ̀ ohun ìní òun fún tálákà, ẹni tí òun bá sì ti rẹ́ jẹ, òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ààbọ̀, ìyá, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Jésù kò béèrè ibi tí ààbọ̀ yòókù yóò lọ. Ó ní, "Lónìí ni ìgbàlà wọ ilé yìí." Ní orí 8 ìwé kan náà, àwọn obìnrin kan wà tó ń tẹ̀ lé Jésù láti ìlú dé ìlú: Jòánà aya Kúsà, ìríjú Hẹ́rọ́dù, Sùsánà, àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Ohun ìní tiwọn ni wọ́n fi ń bọ́ òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ti ta gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ta ni ì bá máa ra búrẹ́dì? Ibojì tuntun tí wọ́n tẹ́ Jésù sí pàápàá, ti Jósẹ́fù ará Arimatíà ni, Mátíù sì sọ gbangba pé ọlọ́rọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 200, Clement, olùkọ́ ìjọ kan ní Alẹkisáńdríà nílẹ̀ Íjíbítì, kọ ìwé odindi kan lórí ẹsẹ ràkúnmí yìí, nítorí ìlú èbúté ni Alẹkisáńdríà, àwọn oníṣòwò ńlá ti ń wọ inú ìjọ, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n bíi tiyín. Clement ní bí gbogbo wa bá di aláìní, ta ni yóò bọ́ ẹni tí ebi ń pa? Ó tún sọ ohun kan tó gún mi lọ́kàn: ènìyàn lè kó owó rẹ̀ dànù kó sì tún máa fi gbogbo ọkàn wá a, nígbà náà ìyà méjì ló kó jẹ ara rẹ̀. Èyí tó ti di ọkàn yín mú ni Jésù ń wá.

Ẹ má sì jẹ́ kí ti Clement mú yín sùn lọ. Ní nǹkan bí ọdún 368 sí 369, ìyàn mú ní Kesaríà ti Kapadókíà, ní ibi tó ń jẹ́ Tọ́kì lónìí. Àwọn olówó ti àká wọn pa, wọ́n ń dúró kí owó ọkà gbéra sí i. Básílì, tó di bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà ní 370, mú òwe ọlọ́rọ̀ aṣiwèrè inú Lúùkù 12, ó wàásù fún wọn pé búrẹ́dì tí ẹ há mọ́ra, ti ẹni tí ebi ń pa ni. Ẹ̀wù tí ẹ tì mọ́ inú àpótí, ti ẹni tó wà níhòòhò ni. (Ẹ jọ̀ọ́, oníṣòwò aṣọ ni yín, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ yan èyí.) Lẹ́yìn ìwàásù ó jẹ́ kí wọ́n ṣí àká, ó sì tún dá ibùdó ńlá kan sílẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún aláìsàn, adẹ́tẹ̀, arìnrìn-àjò àti aláìní. Bí ó bá jẹ́ èmi, ti Clement ni n óò kà fún ẹni tí ẹ̀rù owó rẹ̀ ń bà, ti Básílì ni n óò kà fún ẹni tí ẹ̀rù kò bà rárá.

Kí a tó sọ ti fífúnni, ẹ jẹ́ ká wo bí owó ṣe wọlé. Jákọ́bù orí 5 bá àwọn olówó wí pé owó iṣẹ́ àwọn alágbàṣe tí wọ́n fi èrú dá dúró ń ké. Nítorí náà kí ẹ tó ka iye tí ẹ fún ìjọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín bóyá àwọn ọmọbìnrin tó ń bá yín tajà gba owó wọn pé, bóyá wọ́n gbà á lásìkò, àti bóyá ọ̀pá tí ẹ fi ń wọn aṣọ pé. Kò sí ìdámẹ́wàá tó lè fọ owó tí a fi rẹ́ ẹlòmíì jẹ. Sákéù pàápàá ṣèlérí láti dá a padà.

Ní ti oore ṣíṣe àti ìgbàlà, ọ̀rọ̀ yìí ti pín ìjọ rí. Ní 1517 Johann Tetzel ń ta ìwé ìdáríjì, ìwé tí wọ́n ní ó ń dín ìyà ẹ̀ṣẹ̀ kù fún ẹni tó bá rà á, kiri nílẹ̀ Jámánì, apá kan nínú owó náà sì ń lọ sí kíkọ́ ilé ìsìn Pétérù Mímọ́ ní Róòmù. Martin Luther, olùkọ́ ní Wittenberg, kọ kókó 95 láti fi ta kò ó. Àwọn ọmọ Luther tí mo mọ̀ lè sọ ìtàn yẹn lójú oorun, síbẹ̀ ìba díẹ̀ ni mo gbọ́ tó ka kókó 43 àti 45. Ìkẹtàlélógójì ní ẹni tó fún tálákà ní nǹkan tàbí tó yá aláìní lówó ṣe dáadáa ju ẹni tó ra ìwé ìdáríjì lọ. Ìkarùndínláàádọ́ta tún le jù bẹ́ẹ̀: ẹni tó rí aláìní, tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tó wá lọ fi owó rẹ̀ ra ìdáríjì, ìbínú Ọlọ́run ló rà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, n óò padà sí i lórí ọ̀rọ̀ màmá.

Àwọn Kátólíìkì dá Luther lóhùn ní ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù wọn ní ìlú Trent ní 1547, wọ́n ní oore-ọ̀fẹ́ ló ń ṣáájú, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tí kò ní ìfẹ́ nínú kì í ṣe ìgbàgbọ́ tó yè. Wọ́n bá ara wọn jà lórí rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Ní October 31, 1999, ìjọ Kátólíìkì àti àgbájọ àwọn ìjọ Luther fọwọ́ sí ìwé kan ní Augsburg pé oore-ọ̀fẹ́ nìkan ni a fi gbà wá, kì í ṣe nítorí ẹ̀tọ́ kankan tí a ní, àti pé oore-ọ̀fẹ́ náà ló ń gbé wa dìde sí iṣẹ́ rere. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2006. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọrẹ ńlá ló ń kọ orúkọ ẹni sí ìwé ìyè, ẹ béèrè ibi tó ti rí i.

Éfésù 2:8-9 tí gbogbo wa mọ̀ sórí ní, "Oore-ọ̀fẹ́ ni a ti fi gbà yín là nípa ìgbàgbọ́," kì í ṣe nípa iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣogo. Ẹsẹ 10 tí a máa ń gbàgbé ní a dá wa fún iṣẹ́ rere. Jákọ́bù náà kò bá Pọ́ọ̀lù jà: ó ní bí arábìnrin kan bá wà níhòòhò, tí kò rí oúnjẹ òòjọ́ jẹ, tí ẹnìkan nínú yín wá sọ fún un pé máa lọ ní àlàáfíà, kí ara rẹ móoru, kí o sì yó, kí ni ó ṣe é ní oore? Ní tiwa, "Ọlọ́run á ṣe é" ni à ń sọ, a ó sì wọ mọ́tò wa.

Ó wá ku ti irúgbìn. Ẹsẹ tí wọ́n ń fi wàásù rẹ̀ ni 2 Kọ́ríńtì 9, pé ẹni tó bá fúnrúgbìn kín-ún, kín-ún ni yóò ká. Ẹ ka orí 8 mọ́ ọn. Owó ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tálákà inú ìjọ ní Jerúsálẹ́mù ni Pọ́ọ̀lù ń kó jọ. Ó fi àwọn ará Makedóníà ṣe àpẹẹrẹ, ó ní nínú òṣì tó jinlẹ̀ ni wọ́n ti fi tayọ̀tayọ̀ dá a. Kò sọ níbikíbi pé wọ́n wá di olówó lẹ́yìn náà. Ohun tó ní Ọlọ́run yóò pèsè ni èyí tí ẹ ó fi lè pọ̀ sí i nínú iṣẹ́ rere gbogbo, ìyẹn ni pé kí ọwọ́ tó ń fúnni má baà gbẹ.

Ẹ jẹ́ n fi ọmọ Yorùbá kan ṣe àpẹẹrẹ. James Pinson Labulo Davies jẹ́ ọ̀gákọ̀ àti oníṣòwò ńlá ní Èkó, àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n sì gbé lọ sí Sàró. Ní 1859 ó fi £50 sílẹ̀ fún ìwé àti ohun èlò, èyí tí T. B. Macaulay, àna Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, fi ṣí CMS Grammar School ní June 6 ọdún náà pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà. Owó ńlá ni £50 láyé ọjọ́un. Bí ìwàásù irúgbìn bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ó yẹ kí Davies máa ká ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Kàkà bẹ́ẹ̀, òwò rẹ̀ dojú dé ní àwọn ọdún 1870, ó wọko gbèsè, ó bá lọ tẹra mọ́ oko ní Ìjọn, níbi tó ti wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó ní àgbègbè wa. Mi ò lè sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré, mi ò sì lè sọ pé Ọlọ́run jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì wà ní Bàrígà títí dòní. Kò fi £50 náà ra nǹkan kan, ó kàn fi sílẹ̀ ni.

Málákì 3 náà ń kọ́? "Ẹ mú gbogbo ìdámẹ́wàá wá sí ilé ìṣúra." Ẹ fi Diutarónómì 14 kà á: ọlọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta ni ìdámẹ́wàá máa ń jẹ́ ti ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbaba àti opó inú ìlú, kí wọ́n jẹ kí wọ́n sì yó. Ìjọ tó bá gba ìdámẹ́wàá tí opó inú rẹ̀ ń sùn pẹ̀lú ebi ti gba apá kan òfin, ó ti fi èyí tó kù sílẹ̀.

Mo mọ bí ìkórè ṣe ń rí. Alága ìkórè wọlé pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, aṣọ ẹbí ń dán, bàǹdì ń dún, ẹni tó mú gbohùngbohùn ń pe orúkọ àti iye lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ta ni yóò ṣe mílíọ̀nù kan, kò sẹ́ni tó dìde. Wọ́n ní ta ni yóò ṣe ìdajì, àwọn ẹgbẹ́ yín ń wò yín, ẹ na ọwọ́. Àwọn àgbà wa ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, mi ò bá wọn jiyàn: ẹnìkan gbọ́dọ̀ san owó iná. Ṣùgbọ́n Mátíù 6 ní kí a má fun kàkàkí nígbà tí a bá ń ṣàánú, àti pé ẹni tó ń ṣe é kí èèyàn lè yìn ín ti gba èrè tirẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi opó olówó wẹ́wẹ́ méjì inú Máàkù 12 wàásù fún yín, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ka ẹsẹ mẹ́ta tó ṣáájú, níbi tí Jésù ti bú àwọn akọ̀wé tó ń jẹ ilé àwọn opó run. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò dá nìkan gbé owó Jerúsálẹ́mù. Ó ní kí àwọn arákùnrin mìíràn bá a lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí òun lọ́rùn. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí ìjọ yín ṣe ná owó ìkórè èṣí. Kò tàbùkù ẹnikẹ́ni.

Bó bá jẹ́ pé iye tó yẹ kí ẹ máa fún ni lẹ ń ronú lé, John Wesley, olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ Mẹ́tọ́díìsì, ẹgbẹ́ tó dé Àgbádárìgì ní 1842, ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Nínú ìwàásù rẹ̀ ti 1760 ó ní: pa gbogbo owó tí o bá lè pa, láì pa ẹnìkejì rẹ lára, tọ́jú gbogbo èyí tí o bá lè tọ́jú, fi gbogbo èyí tí o bá lè fúnni tọrẹ. Apá méjì àkọ́kọ́ làwọn èèyàn ń gbà. Nígbà tó dàgbà, ó sọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ Mẹ́tọ́díìsì kan ní Oxford tó ń gba £30 lọ́dún, tó ń ná £28, tó sì ń fi £2 tọrẹ. Lọ́dún kejì owó rẹ̀ di £60. Ó ṣì ń ná £28, ó fi £32 tọrẹ. Lọ́dún kẹta ó di £90, lọ́dún kẹrin £120, £28 náà kò yẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé Wesley fúnra rẹ̀ ni. Ẹ kíyè sí i pé kò wo ìpín mẹ́wàá. Ohun tí òun nílò ló kọ́kọ́ fi òpin sí. Bí ọjà bá yá, ẹ̀bùn ló máa ń pọ̀ sí i, bó bá sì fà sẹ́yìn, ẹ̀bùn ló máa ń dínkù, kò sẹ́ni tó ń jẹ́bi. Pọ́ọ̀lù ní Ọlọ́run ń gba ọrẹ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ènìyàn ní, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò ní.

Ó ku ti màmá àti ẹ̀jẹ́. Nínú Máàkù 7 Jésù bínú sí àwọn tó ń sọ fún bàbá àti ìyá wọn pé owó tí ì bá jẹ́ ìrànlọ́wọ́ yín, mo ti fi í fún Ọlọ́run. Ó ní òfin Ọlọ́run ni wọ́n fi irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ di asán. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. 1 Tímótì 5 ní ẹni tí kò bá pèsè fún àwọn ará ilé rẹ̀ burú ju aláìgbàgbọ́ lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ohun tí à ń fi ọjọ́ sí. Ẹ kọ́kọ́ ra ti màmá.

N kò ní sọ fún yín pé ẹ̀jẹ́ ṣeré, nítorí Oníwàásù 5 ní ó sàn kí a má jẹ́ ẹ ju kí a jẹ́ ẹ kí a má san án. Àmọ́ ẹ ṣí Léfítíkù 27, ẹsẹ 8. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́, tí agbára rẹ̀ kò ká iye tí wọ́n dá lé e, kó wá síwájú àlùfáà, àlùfáà yóò sì tún un díyelé gẹ́gẹ́ bí agbára ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà. Inú òfin ni ó wà. Ẹ lọ bá pásítọ̀ yín lọ́jọ́ tí kì í ṣe Sunday, ẹ mú ìwé ọjà yín lọ, ẹ sọ iye tí ó lè ti ọwọ́ yín wá lóṣooṣù lẹ́yìn oògùn màmá àti owó àwọn ọmọ tó ń bá yín tajà, ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá kọ̀ láti gbọ́, ẹ lọ sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ ìjọ.